Ìwé ìléwọ́ tí a tẹ̀ ní Alẹ́kúwodò

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Alẹ́kúwodò níbí l'Óṣogbo, ó ti lé lógún ọdún, tẹ́ ẹ bá ti tẹ káàdì ìgbéyàwó tàbí pósítà ìsìnkú lágbègbè yẹn rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ mi ló gbà kọjá. Mo kọ́kọ́ ń sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé mi ò kì í ṣe lọ́yà, mi ò sí nínú ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kankan, mi ò dupò rí, mi ò sì ní in lọ́kàn. Àmọ́ ẹni tó ń tẹ̀wé máa ń mọ nǹkan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, torí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bá aráàlú sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ náà wá, ojú wa náà ni wọ́n sì ti ń ka owó. A mọ ẹni tó ń sanwó láì tiẹ̀ ná ọjà, a sì mọ ẹni tó ń bẹ̀ wá pé ká jẹ́ kóun san án díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n máa kọ èyí ni ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ lórí rédíò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Olóṣèlú kan ni wọ́n pè sórí ètò àárọ̀, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ẹgbẹ́ tó wà náà ò ṣe pàtàkì torí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu ẹgbẹ́ méjèèjì. Wọ́n bi í nípa àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn tó ń ní kí ìjọba wá ṣàlàyé nǹkan, ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé àwọn yẹn náà lẹ̀ ń pè ní ẹgbẹ́, ó ní òyìnbó ló ń gbé owó fún wọn, iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa ba orúkọ ìlú jẹ́ lọ, ó ní ó yẹ kí ìjọba ti ọ́fíìsì gbogbo wọn pa. Nígbà tí wọ́n ní káwọn èèyàn máa pè wọlé, ẹni mẹ́fà ló pè, ẹni márùn-ún gbè é lẹ́yìn. Ìyá kan pè láti Ìlobùú, wọ́n ní ọ̀bàyéjẹ́ gbáà ni gbogbo wọn. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Olóṣèlú yẹn mọ ohun tó ń bá wọn jà lé lórí. Ṣùgbọ́n ìyá Ìlobùú yẹn, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ọmọ wọn, ta ni wọ́n fẹ́ pè?

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n ti gbé ọmọ ọ̀dọ̀ mi rí.

Ìparí oṣù July 2024 ni. Ẹ máa rántí pé nígbà yẹn kò síbi tí wọn ò ti sọ̀rọ̀ ìwọ́de tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní August 1, ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni wọ́n ló máa jẹ́, torí ebi, torí owó epo, torí gbogbo nǹkan tó ti wọ́n kọjá agbára èèyàn. Arábìnrin kan wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi, Àǹtí la máa ń pè é, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kékeré kan ló ń bá ṣiṣẹ́ nílùú wa, ọ́fíìsì wọn ò ju yàrá méjì lọ lókè ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan tó ń ta páàtì mọ́tò. Ó pẹ́ tó ti ń tẹ nǹkan lọ́dọ̀ mi. Ìwé ìléwọ́ ló gbé wá, ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀dà, ojú kan péré, ínkì dúdú. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ó ní ṣé kò sí pépà tó rọjú ju èyí lọ. Ó san ààbọ̀ owó, ó ní ó dìgbà tí nǹkan bá wọlé fáwọn kóun tó san ìyókù, mo ní kò burú.

Kì í ṣe ìwé ìwọ́de o. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí níbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni jáde. Ohun tó wà lórí ìwé yẹn ni ẹ̀tọ́ tí èèyàn ní bí wọ́n bá mú un, Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, inú Abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ni wọ́n ti yọ ọ́: pé o ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí wàá fi bá lọ́yà ẹ tàbí ẹni tó o bá yàn sọ̀rọ̀, pé kí wákàtí 24 tó pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú ẹ sínú ìwé fún ẹ ní èdè tó o gbọ́, pé bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40 síbi tí wọ́n tì ẹ́ mọ́ wọn ò gbọ́dọ̀ fi ẹ́ síbẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ kí wọ́n tó gbé ẹ dé iwájú adájọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé ọ̀fẹ́ ni bélì, wọ́n wá fi nọ́ńbà fóònù méjì sí i.

Orí ìlà àkọ́kọ́ yẹn la ti pẹ́ jù. Ọmọ iṣẹ́ mi, ọmọ ọdún 19 nígbà yẹn, ló tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí kọ̀ǹpútà, ó kọ ọ́ pé "O ní ẹ̀tọ́ láti má sọ̀rọ̀." Àǹtí ní rárá, "láti dákẹ́" lòun fẹ́. Mo ní kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀. Ó fi ẹnu bírò kan ìwé yẹn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n bi léèrè tí kò fèsì, wọ́n á ní ó ti jẹ̀bi nìyẹn. Mo fẹ́ kí wọ́n rí dákẹ́ yẹn gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀tọ́." Ó ní ká jẹ́ kó tóbi ju àwọn ìlà tó kù lọ. Ó wá jókòó ti ọmọ yẹn, ó ń wo àmì orí ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, iná lọ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó parí ẹ̀, kò dìde.

Ọmọ yẹn náà ló ká gbogbo ẹ̀. A ò ní máṣíìnì tó ń ká ìwé, ọwọ́ la fi ń ṣe é, wàá mú pépà kan, wàá ká a sí méjì, wàá fi ẹ̀yìn rúlà rìn ín mọ́lẹ̀ kó lè jókòó dáadáa, wàá mú òmíì. Ẹgbẹ̀rún kan. Aago mẹ́wàá alẹ́ lù kó tó ṣe tán.

Lọ́jọ́ kejì, ó dì í sínú páálí méjì, ó wọ márúwá láti lọ gbé e fún wọn. Kò débẹ̀. Àwọn agbófinró kan dá wọn dúró lójú ọ̀nà, mi ò ní sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, mi ò sì ní sọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti wá, wọ́n tú páálí wò, wọ́n rí i pé ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n bá mú ló wà lórí ìwé náà, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Wọ́n gbé òun àti onímárúwá lọ.

Onímárúwá míì ló wá sọ fún mi nírọ̀lẹ́. Mo sáré lọ, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Mo lọ síbòmíì, wọ́n ní kí n kúrò níwájú àwọn. Ìyá ọmọ yẹn ń ta ẹ̀kọ ní Ọjà-Ọba, èmi ni mo lọ sọ ọ́ fún wọn. Wọn ò ké. Wọ́n kàn jókòó sórí àpótí, ewé kan wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń ká a, wọ́n ń tú u, wọ́n tún ń ká a. Mo pe ẹnìkan tí mo mọ̀ tó ń bá àwọn alágbára rìn, ó ní bó bá ti jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ìwọ́de òun ò lè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo pe pásítọ̀ wa, wọ́n gbàdúrà, mo ṣàmín. Mo pe ẹni tí mo tẹ pósítà ìdìbò fún ní 2022, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, tí kì í pè mí ní nǹkan míì nígbà ìpolongo ju "bọ̀ọ̀dá mi" lọ, fóònù yẹn dún títí tó fi gé. Mo tún pè é. Ó tún dún títí tó fi gé.

Ló bá ku nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ìwé ìléwọ́. Èmi ni mo tẹ nọ́ńbà yẹn nígbà ẹgbẹ̀rún, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé èmi ni màá pè é. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá. Kò tíì dún tán lẹ́ẹ̀kan tí Àǹtí fi gbé e. Kò bi mí ní ẹgbẹ́ tí mò ń ṣe, kò bi mí léèló ló wà lọ́wọ́ mi. Ó bi mí ní orúkọ ọmọ náà, ọjọ́ orí ẹ̀, àwọ̀ aṣọ tó wọ̀ jáde, ó wá bi mí bóyá ó ní àìsàn kankan tó ń lo oògùn sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ jókòó ti ìyá ẹ̀. A ti ń wá a lọ."

Ọjọ́ kẹta la tó rí i. Lọ́yà wọn, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, láti Iléṣà ló ti ń gun ọ̀kadà wá lójoojúmọ́, tésàn kan sí tésàn kejì ló ń lọ pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́, ibi tí wọ́n bá ti lé e á dúró sẹ́nu géètì. Wọ́n kọ̀wé sí àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tìjọba àpapọ̀, wọ́n kọ̀wé sí ọ̀gá àwọn tó mú un. Ilé-ẹjọ́ tó sún mọ́ ibẹ̀ jù ò tó kìlómítà mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, wọn ò sọ ẹ̀sùn kankan, wọn ò kọ nǹkan kan sínú ìwé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ọmọ yẹn ti wú. Onímárúwá náà jáde lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni márúwá ẹ̀ fi wà lọ́dọ̀ wọn. Àǹtí àti lọ́yà ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọmọ iṣẹ́ mi tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa. Ó ní wọ́n ti kọ sítétímẹ́ǹtì kan sílẹ̀ dè é, tí wọ́n ní kó kàn fọwọ́ sí i, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Àǹtí ló fún òun lówó kóun lọ kó àwọn ọmọọ̀ta jọ fún ọjọ́ ìwọ́de. Wọ́n ní tó bá ti lè fọwọ́ sí i báyìí, ilé yá. Ó ní òun ò mọ ohun tóun lè sọ, ẹ̀rù ń ba òun, nǹkan tó kàn wá sí òun lẹ́nu ni ìlà tóun fi rúlà tẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún. Ó ní "Mo ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́." Wọ́n gbá a létí. Ló bá dákẹ́ lóòótọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ wò ó, tí ọmọ yẹn bá fọwọ́ sí ìwé yẹn, Àǹtí ni wọn ì bá lọ gbé, rédíò ni wọn ì bá sì ti kà á síta fún wa pé ẹ rí i, a ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, NGO ló ń gbówó fún ọmọọ̀ta. Èmi náà ì bá gbà á gbọ́. Mo mọ̀ pé màá gbà á gbọ́, torí kó tó di ọjọ́ yẹn, mo ti sọ irú ẹ̀ ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ láìmọye ìgbà pé owó làwọn èèyàn yìí ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ owó yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró sí i díẹ̀ torí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ mi. Nígbà ìdìbò gómìnà ní July 2022, gbogbo ẹgbẹ́ ló tẹ̀wé lọ́dọ̀ wa ní Alẹ́kúwodò, àwa onítẹ̀wé ò sùn. Inú báàgì lowó ń gbà wọlé. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé ta ló fún wọn, èmi náà ò bi wọ́n, mo ka owó mi, mo ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń na owó tí kò sẹ́ni tó mọ orísun ẹ̀ láti gba ìjọba, òun ló tún wá ń jókòó sórí rédíò tó ń bi obìnrin tó ń wá pépà tó rọjú pé ta ló rán an níṣẹ́.

Mo gbà pé oníjìbìtì wà nínú wọn o. Mo ti tẹ lẹ́tà-hẹ́ẹ̀dì fún NGO tó jẹ́ pé ọkọ, ìyàwó àti àbúrò ìyàwó ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ìwé, wọ́n á fi wá owó, ó parí. Mo mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tó bá jalè, EFCC wà, ilé-ẹjọ́ wà, kí wọ́n mú onítọ̀hún. Kí ni ti pé kí gbogbo ẹgbẹ́ wá wà lábẹ́ àṣẹ ẹni tí wọ́n ń ṣọ́?

Torí ohun tí wọ́n ń gbìyànjú láti ṣe nìyẹn, ó sì ti pẹ́. Ní 2017, àbádòfin kan wà níwájú ilé aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá tó fẹ́ dá àjọ kan sílẹ̀ tí á máa darí gbogbo NGO, àwọn èèyàn pariwo lé e lórí títí kò fi lọ mọ́. Nígbà tó di August 2020, òfin CAMA tuntun jáde, òfin ilé iṣẹ́ àti okòwò lásán ni ọ̀pọ̀ èèyàn pè é, ṣùgbọ́n Abala 839 wà nínú ẹ̀, tó ní ìjọba, nípasẹ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lè ní kí àwọn alámòójútó ẹgbẹ́ kan lọ jókòó sílé ná, kí wọ́n fi ẹlòmíì síbẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ fìbínú sọ̀rọ̀ nígbà yẹn torí ó kan àwọn náà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, lẹ́yìn EndSARS, báńkì àpapọ̀ lọ gba àṣẹ ilé-ẹjọ́, wọ́n ti ákáǹtì 20 pa, ti àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tí wọ́n ní wọ́n lọ́wọ́ sí ìwọ́de, ó di February 2021 kí ilé-ẹjọ́ tó ṣí i. Ẹ bá mi rò ó, ẹni tó ń fi owó yẹn ra omi àti oògùn fún àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ká tó débẹ̀, orúkọ burúkú ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún wọn. Ní December 2018, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa ní àwọn ò fẹ́ UNICEF ní àríwá-ìlà-oòrùn mọ́, wọ́n ní amí ni wọ́n ń kọ́, kò pẹ́ tí wọ́n fi yí i padà, àmọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n tún ní kí wọ́n ti Amnesty International, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àgbáyé, pa ní Nàìjíríà. Kí ni Amnesty ṣe? Wọ́n ń ka òkú. Nígbà ìwọ́de August 2024 tí mo ń sọ yìí, àwọn náà ló lọ láti ìlú dé ìlú tí wọ́n kà á pé ó kéré tán èèyàn 24 ni wọ́n pa. Ní November 1 ọdún náà, wọ́n kó àwọn tí wọ́n mú nínú ìwọ́de yẹn wá sílé-ẹjọ́ l'Ábùjá, ẹni 76, ọmọdé wà nínú wọn, ebi ti pa wọ́n débi pé àwọn kan ṣubú lulẹ̀ níwájú adájọ́. Gbogbo wa la rí fídíò yẹn. Ariwo tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí àtàwọn aráàlú pa ló jẹ́ kí Ààrẹ ní kí wọ́n tú àwọn ọmọdé yẹn sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà tí mo wo fídíò yẹn, ọmọ iṣẹ́ mi wà lẹ́yìn mi, ó wò ó díẹ̀, ó jáde lọ sí ìta.

Ní September 9, 2024, lọ́jọ́ kejì tí SERAP, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan, ní kí Ààrẹ jẹ́ kí wọ́n dá owó epo padà sí bó ṣe wà, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS dé ọ́fíìsì wọn l'Ábùjá. DSS ní kò sí nǹkan burúkú níbẹ̀, àwọn kàn wá bá wọn sọ̀rọ̀ ni. SERAP pariwo, ló bá di pé àwọn òṣìṣẹ́ DSS méjì pe SERAP lẹ́jọ́ pé wọ́n ba àwọn lórúkọ jẹ́, bílíọ̀nù márùn-ún náírà ni wọ́n bèèrè. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló gbé ìjọba lọ sílé-ẹjọ́ ECOWAS nígbà tí wọ́n ti Twitter pa láti June 2021 títí wọ 2022, ilé-ẹjọ́ sì dá a pé kò bófin mu. Àwọn ọmọ tó ń ta aṣọ àdìrẹ lórí Twitter láti Òṣogbo níbí, mélòó nínú wọn ló mọ ẹni tó bá wọn ro ẹjọ́ yẹn?

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, 1994 ni mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọdún kan lẹ́yìn June 12. Decree 2 wà nílẹ̀ nígbà yẹn, láti 1984 ni ìjọba ológun ti gbé e jáde, wọ́n lè fi gbé èèyàn tì mọ́lé láì gbé e lọ sílé-ẹjọ́ kankan. Bí a bá ti tẹ ìwé fún àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ tán, ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí pléètì tí a fi tẹ̀ ẹ́ sùn sí ṣọ́ọ̀bù, inú àpò gààrí ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n á da gààrí lé e, wọ́n á gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé ọ̀gá, kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń gba iṣẹ́ yìí, owó ẹ̀ ò pọ̀. Wọ́n ní, "Bá a bá kọ̀ tí a ò tẹ tiwọn, ọjọ́ tí wọ́n bá wá gbé èmi, ta ló máa tẹ tèmi?"

Ẹgbẹ́ wọ̀nyí ò tíì pọ̀ nígbà yẹn. CLO ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1987, Olisa Agbakoba àti àwọn lọ́yà ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, CDHR tẹ̀ lé e ní 1989, Dókítà Beko Ransome-Kuti ló ṣíwájú ẹ̀. Gani Fawehinmi ti ń bá ìjọba fà á ní kóòtù ṣáájú ìgbà yẹn. Wọ́n fi Beko sẹ́wọ̀n ní 1995, ó dìgbà tí Abacha kú ní June 1998 kó tó jáde. November 10, 1995 ni wọ́n yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti ẹni mẹ́jọ míì. June 4, 1996 ni wọ́n yìnbọn pa Kudirat Abiola. Ohun tí ìjọba ológun máa ń sọ nípa gbogbo àwọn wọ̀nyí nígbà náà ò yàtọ̀ sí ohun tí mo gbọ́ lórí rédíò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣèjọba lónìí ló sì jẹ́ pé ẹnu àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ni ayé ti gbọ́ tiwọn nígbà tí wọ́n sá kúrò nílé, Ààrẹ Tinubu gan-an wà nínú NADECO, ẹgbẹ́ tó ń bá ìjọba Abacha jà, òun náà sá jáde nílùú. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Òfin tí ẹgbẹ́ kan bá ṣe láti fi pa ajàfẹ́tọ̀ọ́ lẹ́nu mọ́ lónìí, ẹgbẹ́ tó bá gba ìjọba lọ́la ló máa jogún ẹ̀.

Ẹnìkan sọ fún mi pé ìjọba ṣáà ní àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tiẹ̀, NHRC, kí la tún ń wá àwọn aládàáni fún. Òótọ́ ni, ó wà, ayé Abacha ni wọ́n dá a sílẹ̀, 1995. Ó sì ràn wá lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yìí, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní 2006, lábẹ́ ìjọba PDP, ọ̀gá àgbà àjọ náà, Bukhari Bello, wọ́n yọ ọ́ kí àsìkò ẹ̀ tó pé, lẹ́yìn tó sọ̀rọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń fi ojú àwọn oníròyìn gbolẹ̀. Àwọn tó ń díwọ̀n irú àjọ yìí lágbàáyé já Nàìjíríà wálẹ̀ láti ipò A sí B, ó di 2011, tí wọ́n ti tún òfin àjọ náà ṣe, ká tó gba A wa padà. Ẹni tó ń gbẹnu sọ fún aráàlú, tí ọ̀gá ẹ̀ sì lè lé e nítorí ẹ̀, ó yẹ kí ẹlòmíì tí ọ̀gá yẹn ò lè lé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní gbogbo èyí jìnnà sí Òṣogbo, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ wo odò Ọ̀ṣun. Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, tí ayé ń wá wò lọ́dọọdún, omi inú ẹ̀ pọ́n bí ẹrẹ̀. Àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè odò ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Urban Alert, ẹgbẹ́ kan tó wà nílùú wa níbí, ló gbé omi yẹn lọ fún àyẹ̀wò tí wọ́n sì sọ ọ́ síta ní 2021 pé mákúrì àti òjé wà nínú ẹ̀. Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun 2022 ń sún mọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra wọn ló jáde tí wọ́n ní káwọn èèyàn má mu omi náà. Àwọn ìyá tó ń fi omi yẹn wẹ ọmọ wọn fún ìwòsàn, tó ń gbé e lọ sílé nínú kẹ́ẹ̀gì, wọn ò ní ilé àyẹ̀wò. Ẹnìkan ló bá wọn gbé e lọ. Ṣé ẹni yẹn náà ló ń ba orúkọ ìlú jẹ́?

Nǹkan ti le sí i fún wọn báyìí. Ní January 2025 ni Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró, nígbà tó fi di July ọdún náà USAID ti kógbá sílé. Ẹgbẹ́ tí Àǹtí wà ò gbowó tààrà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ńlá kan tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ l'Ábùjá ń gbà á, ó sì ti kàn wọ́n. Wọ́n ti dá yàrá kan padà nínú méjì. Lọ́yà tó ń wá láti Iléṣà, lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń ṣe é nísinsìnyí, ó ní iṣẹ́ míì tó fi ń jẹun. Àwọn tó ń pariwo pé owó òyìnbó, owó òyìnbó, owó òyìnbó ti lọ, ẹ wá fi tiwa síbẹ̀. Mo ti ń yọ díẹ̀ sílẹ̀ lóṣooṣù fún wọn látìgbà yẹn. Kò tó nǹkan. Àwa onítẹ̀wé mẹ́rin la ti dara pọ̀ báyìí, ìyá ẹlẹ́kọ náà dá sí i, mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣèyọnu, wọ́n ní kí n gbà á.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, Àǹtí gbé ìwé ìléwọ́ tuntun wá. Ọ̀rọ̀ ti tẹ́lẹ̀ náà ni, ó kàn fẹ́ kó kéré sí i, kí pépà kan lè gba mẹ́rin dípò méjì. Ọ̀rọ̀ ò wọ̀ ọ́ tán. Ó mú bírò, ó fẹ́ fa igi lé ibi tí wọ́n ti sọ pé ní èdè tó o gbọ́, ó ní bóyá èèyàn á ṣáà lóye ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi, tó ti pé ogún ọdún, na ọwọ́ dè é. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ ẹgbẹ́ yín ló tóbi jù. Ẹ jẹ́ ká dín ìyẹn kù, ẹ má yọ ìkankan nínú ìyókù."

Àǹtí wò ó. Ó ní ó dáa.

Ọmọ yẹn jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó sọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn di tín-ín-rín sí igun ìsàlẹ̀, ó ka àmì orí ìlà àkọ́kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo lọ pò ínkì.